Oògùn Tí Mo Jí Lójú Oorun

Ìwọ tó o mú ìwé yìí dání, gbọ́ mi ná. Bí aláìsàn bá wà nílé rẹ, má kà á sókè sí i létí. Bí oǹdè bá ń bẹ nídìí rẹ bó o ṣe jókòó yẹn, tú u sílẹ̀ kó o tó kà á dé ìsàlẹ̀, tàbí kó o pa ìwé dé báyìí. Mi ò fi ṣeré. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó yọ mí nílé ẹ̀kọ́, nítorí náà ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, fojú fò ó. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, má fojú fò ó: egbò tí kò dunni ni kó o bẹ̀rù. Èyí tó ń dunni, ara ló ń ké. Èyí tí kò dunni, olè ti wọlé, ara ò sì tíì mọ̀.

*

Ilé-iṣẹ́ awọ ni èmi àti àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́. Awọ gbígbẹ ló ń wá sọ́dọ̀ wa, ní ìdì-ìdì, pẹ̀lú iyọ̀ àti iyanrìn lára ẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á gbé e sínú kòtò ẹfun kí irun ẹ̀ lè rọ̀, àwọn afáwọ á wá tẹ́ ẹ sórí igi, wọ́n á fi ọ̀bẹ elékù méjì fá a. Afáwọ ni àbúrò mi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí bó bá dúró lẹ́yìn ọ̀bẹ ẹ̀, ọ̀bẹ lo máa kọ́kọ́ rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wa kú. Mo pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀. Ọlọ́run ò fún mi lọ́mọ. Òun náà ni ọmọ.

Èmi ń gbálẹ̀ ní yàrá ìtọ́jú, níbi tí wọ́n ti ń di ọgbẹ́ ọ̀bẹ. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ló wà lọ́rùn mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́.

Ohun tó ń pa wá níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀bẹ. Á bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀fọn jẹni. Á máa yúnni, á wú díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹta, àárín ẹ̀ á dú bí èédú, kò sì ní dunni rárá. Egbò dúdú là ń pè é. Láàárín ọdún kan ó mú èèyàn mẹ́rin lọ. Méjì nínú wọn, ọmọ Bàbá Olóǹdè ni wọ́n.

Bàbá Olóǹdè ló dàgbà jù láàárín wa. Ó ní orúkọ gidi, mi ò ní kọ ọ́. Òun ló ń rán oǹdè tí gbogbo afáwọ ń so mọ́ ìdí: ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́, tí nǹkan kan wà nínú rírán ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ béèrè. Á ní, "Awọ ló ń pa yín, awọ náà ló máa ṣọ́ yín." Nígbà tí àwọn ọmọ tiẹ̀ kú, ó ní ńṣe ni wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ̀. A gbà á gbọ́. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kí ni kò ní gbà gbọ́?

Ìgbà yẹn ni Nọ́ọ̀sì dé.

*

Ọmọbìnrin kékeré ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ le. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń wá. Ó kó gbogbo afáwọ jọ síwájú yàrá ìtọ́jú.

Ó ní, "Kòkòrò ló ń fa egbò dúdú. Inú awọ ló ń sùn sí. Ó lè sùn níbẹ̀ fún ogún ọdún kó má kú. Ṣùgbọ́n nínú ara kálukú yín, ẹ̀ṣọ́ wà. Ìṣòro wọn ni pé wọn ò mọ ojú olè tó ń bọ̀. Àjẹsára tí mo gbé wá yìí ló máa fi ojú ẹ̀ hàn wọ́n kó tó kanlẹ̀kùn."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Nọ́ọ̀sì, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ tèmi bá lọ rí bíi ti ẹnu géètì wa ńkọ́? Èyí tó ń hanrun láti àárọ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí mo fi máa gún ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀kíní á jí wọn. Ẹ̀kejì á kọ́ wọn. Ẹ̀kẹta á fi ohun ìjà lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá pé ẹ̀ẹ̀mẹta, kó má fọwọ́ sọ̀yà."

Wọ́n gba ẹ̀kíní lọ́jọ́ náà, gbogbo àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Apá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wú, ara ẹ̀ gbóná mọ́jú. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ara ẹ̀ ti balẹ̀. Wọ́n wá ń bú oǹdè. Ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé tiẹ̀, ó jù ú sínú kòtò ẹfun. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, àbúrò mi náà sì gé tiẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò wọ́n.

Kí Nọ́ọ̀sì tó lọ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó ti fi àwọn ìgò abẹ́rẹ́ ẹ̀kejì sínú fíríìjì yàrá ìtọ́jú, ó sì dojú kọ mí. "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ yín ni ẹ̀mí àwọn èèyàn yìí wà. Ibi tútù ni oògùn yìí ń gbé. Láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ẹ wo nọ́ńbà òtútù tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yìí. Mẹ́rin ni mo fẹ́ máa rí."

Mo ní, "Mẹ́rin, mo ti gbọ́."

*

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi kọ́ ló ṣe. Bàbá Olóǹdè fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán.

Ó ní ọ̀sán gangan lòun dé etí kòtò ẹfun, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ sinmi. Ó rí àwọn oǹdè ẹ̀ tí wọ́n léfòó bí òkú ejò. Ó ki ọwọ́ bọ kòtò, ó ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹfun sì ń jẹ ọwọ́ ẹ̀. Ó kó wọn lọ sínú ahéré ẹ̀ lẹ́yìn ilé iyọ̀, ó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó jókòó tì wọ́n.

Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń rò. Bí abẹ́rẹ́ ọmọ yẹn bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé àwọn ọmọ òun ì bá má kú. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé òun lòun pa wọ́n.

Ó ní òun bi àwọn oǹdè náà pé, kí ni ká ṣe? Ó ní wọ́n dá òun lóhùn.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo ṣílẹ̀kùn yàrá ìtọ́jú, mo rí oǹdè kan lára ìṣó tí mo ń fi aṣọ kọ́. Ó tutù. Ẹfun ń kán lára ẹ̀. Wọ́n ti ta á ní kókó, mo sì mọ̀ ọ́n: èmi ni mo fi òwú pupa dí ẹnu ẹ̀ fún àbúrò mi nígbà tó já. Yàrá yẹn wà ní títì látàárọ̀. Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Bí mo ti ń wò ó, alángbá kan já láti òkè àjà. Ó ti kú kó tó balẹ̀.

Mo sáré lọ bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó gba oǹdè náà, ó fi nu ọ̀bẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹnì kan ló ń bá yín ṣeré."

"Ta ló lè wọ yàrá tí mo tì?"

"Alángbá náà wọlé, àbí òun náà ní kọ́kọ́rọ́?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo mú oǹdè náà, mo sì mú ọ̀nà ilé iyọ̀ pọ̀n.

*

Ahéré Bàbá Olóǹdè ò ní fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán ń gba ihò páànù wọlé, ó ń tò bí abẹ́rẹ́ sára ògiri. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò bá wọn dá sí i. Àbúrò mi ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún."

Ó ní, "Ta ló bínú sí i? Dìde." Ó gba oǹdè, ó fi imú kàn án. "Oògùn tí ọmọ yẹn kó wá, ṣé ó gbóná ni àbí ó tutù?"

"Ó tutù, Bàbá. Inú fíríìjì ló wà."

"Ta ló pè é?"

"Báwo ni, Bàbá?"

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti rí oògùn tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ rí? Tí wọn ò fi ohùn jí? Ó ń sùn nínú òtútù, wọ́n á gbé e lójú oorun, wọ́n á tì í bọ ara èèyàn. Ẹ̀ṣọ́ tó ń sùn ló fẹ́ lọ jí ẹ̀ṣọ́ tó ń sùn?" Ó mi orí. "Mi ò ní kó o dà á nù o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Bó o bá fẹ́ kó gbà fún àbúrò rẹ, jí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbọ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì pé ẹ̀kíní á jí wọn. Mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá pé kí n jí i. Lójú mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Mo rò pé Nọ́ọ̀sì kéré, ó mọ ìdajì, Bàbá ló mọ ìdajì tó kù.

Ó kọ́ mi. Ọ̀sán mẹ́ta. Aṣọ dúdú. Orí páànù, níbi tí oòrùn á ti lè wò ó lójú. Ó kọ́ mi lóhun tí mo máa sọ sí i, èyí kò ní jáde lẹ́nu mi mọ́ láé. Ó wá dá oǹdè Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà fún mi, ó ní kí n bẹ̀ ẹ́ kó lò ó mọ́ abẹ́rẹ́. "Ohun méjì ló máa ṣọ́ ọ. Ṣé ìyẹn burú?"

Mo ní kò burú. Mo dúpẹ́. Ẹ wò ó, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo dúpẹ́.

*

Ọ̀sán àkọ́kọ́, mo kó àwọn ìgò náà jáde nínú fíríìjì, mo gun àkàbà lọ sórí páànù ẹ̀yìn yàrá. Páànù ń jó mi lẹ́sẹ̀. Mo tò wọ́n, mo fi aṣọ dúdú bò wọ́n. Nígbà tí mo ṣí i wò, wọ́n ń làágùn bí èèyàn. Mo ní, ó ti ń jí.

Mi ò dá wọn padà. Bàbá ní wọn ò gbọdọ̀ fojú kan òtútù mọ́. Mo fi wọ́n sínú àpótí ìgbálẹ̀ mi, mo tún gbé wọn gòkè lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àti ti ọjọ́ kẹta. Láràárọ̀, lálaalẹ́, mo wo ilẹ̀kùn fíríìjì, mo kọ mẹ́rin. Irọ́ kọ́ ni mo kọ. Fíríìjì náà wà ní mẹ́rin lóòótọ́. Òfìfo ló wà nínú ẹ̀.

Lọ́sàn-án kẹta, bí mo ti pe orúkọ àbúrò mi sí wọn, ìgò kan yí láìsí afẹ́fẹ́. Ó yí wá sí ẹsẹ̀ mi, ó dúró. Mo bú sẹ́kún ayọ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo tó kó wọn padà sínú fíríìjì.

*

Nọ́ọ̀sì wo ìwé mi. "Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣeun. Ká ní gbogbo èèyàn rí bíi yín ni."

Ó gún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, apá ẹnikẹ́ni ò wú. Ara ẹnikẹ́ni ò gbóná. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ju apá síwá sẹ́yìn níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, èyí rọrùn! Bí ìgbà tí wọ́n fi omi gún mi ni."

Mo ní, "Torí pé ó jí ni."

"Kí ló jí?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi so oǹdè náà, ó ní tìtorí kí n lè sùn lòun fi so ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì yà wò wọ́n, mo rí i tó ń fọwọ́ tẹ apá afáwọ kan, tó fajú ro. "Kò tilẹ̀ wú díẹ̀?" Ó gun ọkọ̀ ẹ̀ lọ.

*

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ já ogójì ìdì awọ sílẹ̀. Iṣẹ́ Bàbá Olóǹdè ni láti kọ́kọ́ kọjá níwájú wọn, kó gbé imú sí wọn. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ iṣẹ́ yẹn. Bó bá fẹsẹ̀ ta ìdì kan, wọ́n á wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò ní fá a.

Ó sọ fún mi pé òun gbóòórùn ẹ̀. Ó ní òórùn náà ò burú, òórùn dídùn kan báyìí ni, bí ohun tó kú lórí ìdúró. Mẹ́ta nínú ogójì. Ó dúró níwájú ọ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó wo ibi tí àwọn afáwọ ti ń ṣẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó kí i.

Ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ó kọjá lọ.

*

Ọrùn ni ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti yọ, lábẹ́ etí.

"Ẹ̀fọn ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí."

Lọ́jọ́ kejì ọrùn ẹ̀ ti wú tó orí ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà wò ó, ó bi Nọ́ọ̀sì tó sáré dé, "Ṣé kì í ṣe egbò dúdú?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti gba méjì. Oògùn náà ò kúrò nínú òtútù lọ́jọ́ kan, ìwé ẹ̀ rèé." Ó fi mẹ́rin-mẹ́rin mi hàn án. Dókítà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, eéwo lásán ni yóò jẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn eéwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó ń fa okùn.

Mo dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Mo sáré lọ bá Bàbá Olóǹdè, mo ní kó fún mi ní ẹ̀rọ̀ ẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sọ gbogbo ohun tí mo ti kọ fún ọ nípa oǹdè inú ẹfun àti ìdì mẹ́ta yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka àdúrà. Ó wá ní, "Kò ní ẹ̀rọ̀. Bó o bá sì la ẹnu, oǹdè tó wà nídìí àbúrò rẹ, mo ti bá a sọ̀rọ̀. Á máa fún. Bó o ti ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni á máa fún."

Mo padà sílé ìwòsàn. Mo gbé aṣọ tí wọ́n fi bo àbúrò mi sókè. Oǹdè náà ti wọ inú ẹran ara. Dókítà á ní wíwú ara ni. Bóyá ni. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí páànù ọ̀sán.

Nọ́ọ̀sì mú sísọ́ọ̀sì. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ẹ má gé e! Ẹ jọ̀ọ́, á kú!"

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ la ojú. Ó kàn ń wò mí, bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá wa jáde.

Mo ní, "Èmi ni. Mo kó oògùn náà jáde. Ọ̀sán mẹ́ta, lórí páànù." Oǹdè náà fún. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. "Fíríìjì ni mo ń kọ nọ́ńbà ẹ̀, kò sí nǹkan nínú ẹ̀." Ó tún fún. Àbúrò mi ké. Mo já sísọ́ọ̀sì gbà, èmi fúnra mi ni mo gé e. Ohùn kan jáde nígbà tó já. Mi ò ní sọ irú ohùn tó jẹ́.

Nọ́ọ̀sì ò bú mi. Ì bá bú mi. Ó yíjú sí Dókítà. "Egbò dúdú ni. Ẹ̀kíní nìkan ló wà lára ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀ yí padà. "Àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù ńkọ́? Wọ́n ń fá awọ lọ́wọ́!"

*

Wọ́n pa oògùn dà fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó di ọjọ́ karùn-ún kó tó béèrè omi. Ó wà láàyè. Ọrùn ẹ̀ ò ní padà tọ́ mọ́.

Nọ́ọ̀sì ti dá iṣẹ́ dúró. Àjẹsára tuntun wà lọ́nà, ṣùgbọ́n ó tún máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní òun ò lè sun ogójì ìdì torí òórùn tí arúgbó kan gbọ́. Kí wọ́n fi mẹ́ta tó burú han òun, òun á sun ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kó máa lọ sílé ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè lọ sílé.

Gbogbo wa tẹ̀ lé Nọ́ọ̀sì lọ sí ahéré ẹ̀yìn ilé iyọ̀. Bàbá Olóǹdè jókòó sílẹ̀, ó fi aṣọ bo ọwọ́ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ náà. Egbò náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn ọwọ́, dúdú, ó ń dán.

"Bàbá, kò tíì pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde, ẹ bá wa nawọ́ sí i. Ìdì wo ni?"

Ó fa aṣọ padà bo ọwọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn afáwọ wólẹ̀. "Bàbá, àwa náà la ṣẹ̀ yín. A gé e, a jù ú sínú ẹfun. Ẹ dárí jì wá. Ọmọ wà nílé."

Bàbá wá sọ̀rọ̀, èmi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́. "Bí mo bá nawọ́ sí i, ẹ ó bi mí ìgbà tí mo ti mọ òórùn ẹ̀."

Ó sì dá ara ẹ̀ lóhùn.

"Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ mi fá tiwọn, mo gbóòórùn ẹ̀. Mo ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n fá a. Oǹdè wà nídìí wọn."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ tì í. "Bàbá, ìdì wo ni?"

"Ó tán. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mọ́."

Ó kọjú sí ògiri. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, ẹnì kan gbá a mú léjìká, ó mì ín. Ó pa eyín pọ̀, kò sì la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló sì mọ ìdì mẹ́ta náà.